Táńkì Mọ́sálásí: Lítà Mélòó Ló Ń Gbà?

Ọ̀rọ̀ omi la fẹ́ sọ lóṣù yìí, torí pé àwọn mọ́sálásí kan ń ra táńkì tòkúnbọ̀, tiwa ní Tẹ̀dé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe wá léṣe.

Ẹ mọ bí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa. Kànǹga á máa fà sẹ́yìn, ààwẹ̀ Ramadan sì ń bọ́ sínú ẹ̀ẹ̀rùn láwọn ọdún wọ̀nyí. Ìdí nìyẹn tí àwa ìgbìmọ̀ ìlera mọ́sálásí fi dáwó jọ, tí a lọ ra táńkì oníke funfun tí wọ́n fi irin yí ká. Èyí tí ọlọ́jà kọ́kọ́ fi hàn wá ń rùn. Ó ní, "Àlàájì, ọṣẹ lásán ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀." Kò sí ìwé kankan lára rẹ̀, a sì fi í sílẹ̀. Ike a máa fa kẹ́míkà mu. Táńkì tí wọ́n fi kó oògùn kòkòrò oko kò ṣe é fọ̀ mọ́ fún omi ẹnu, bó ti wù kí ẹ fi ọṣẹ bó o tó. Ìwé ara èyí tí a rà ṣì wà digbí: omi ṣúgà tí ilé iṣẹ́ fi ń ṣe oúnjẹ ni wọ́n fi kó wá.

Ohun kan ni a kò kà dáadáa. Wọ́n kọ "275 GAL" sí i lára. A rí 275, a sì gbà pé lítà ni. Apòògùn tí ń wọn oògùn lójoojúmọ́ wà láàárín wa o! Lítà omi kan, kílò kan ni, nítorí náà káfíńtà kan pákó pọ̀ fún ìjókòó tí yóò gbé nǹkan bíi 275 kílò. Bílíìsì tí ó tó lítà 275 náà ni a wọ̀n sí i kí wọ́n tó máa pọnmi sínú rẹ̀.

Ìyá kan tó ń bá wa pọnmi ń fi òkúta ka kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Mọ́kànlá ló yẹ kó kún un. Nígbà tí wọ́n rọ ogún, ìyá pè wá: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wá wo nǹkan o. Ogún rèé, kò tíì dé àárín." Kí a tó dáhùn, pákó ti ń ké. Àwọn ọmọ ilé kéwú sì jókòó sí ibòji rẹ̀! A lé wọn kúrò, a ṣí ẹnu ẹ̀rọ, omi tú dànù. Alhamdulillahi.

Gálọ́ọ̀nù ni GAL. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ lítà 3.785, ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 4.546, bẹ́ẹ̀ lọ́jà tiwa, kẹ́ẹ̀gì ńlá náà ni àwọn mìíràn ń pè ní gálọ́ọ̀nù. Ti Amẹ́ríkà ni táńkì wa: lítà 1,041. Bó bá kún, ó lé ní tọ́ọ̀nù kan. Búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì la fi mọ ìjókòó tuntun.

Lẹ́yìn náà a tún kà á: kẹ́ẹ̀gì mọ́kànlélógójì àti díẹ̀. Nígbà tí omi dá ní ẹnu ẹ̀rọ, èyí tó kù nísàlẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún kẹ́ẹ̀gì kan, ẹrẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Lítà 1,000 la wá ń kà sí omi tí a lè lò.

Ẹ wo ohun tí àṣìṣe wa ìbá ṣe sí oògùn. Láti fọ táńkì mọ́, mílígíráàmù 50 kílórínì ni lítà omi kan ń fẹ́, kó wà níbẹ̀ fún wákàtí 24. Bílíìsì tí kò lóòórùn dídùn, tí wọ́n kọ 3.5% sí lára, yóò tó lítà kan ààbọ̀ fún 1,041. Fún 275, kò ju 0.4 lítà lọ. Díẹ̀ ló fi lé ní ìdá mẹ́rin ohun tó yẹ! A ń fi omi yìí yọ ẹnu nínú àlùwàlá, àwọn ọmọdé sì ń mu ún. Onígbáméjì kì í béèrè bóyá àlùwàlá ni. Omi ìfọ̀ náà kì í ṣe mímu. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ la fi fọ̀. Bí a bá ti wá rọ omi tó mọ́ kún un, 60 mílílítà bílíìsì yìí kan náà, ìyẹn ṣíbí oògùn méjìlá, là ń dà sí i, a ó sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tí ìdá tó wà lára ike bílíìsì yín bá yàtọ̀ sí 3.5%, ẹ tún ìṣirò yín ṣe.

A gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ẹ̀rọ nígbà tí arákùnrin kan ń ṣe àlùwàlá: lítà mẹ́fà! Bẹ́ẹ̀, mudd kan tí hádíìsì sọ pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi ń ṣe é kò tó lítà kan. Bí gbogbo ènìyàn bá ń ṣe lítà mẹ́fà, ẹni 166 ni táńkì wa tó, ọjọ́ Jímọ̀ sì ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Búùtà lítà méjì la wá ń lò, ẹni 500.

A fi tapólì dúdú bò ó, nítorí oòrùn máa ń hu ewédò sínú ike funfun. Ìyá tó fi òkúta ka kẹ́ẹ̀gì la fún ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.