Ṣúgà Kan Náà, Ìyà Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Ṣé O Mọ̀?

Ṣé o mọ̀ pé orúkọ obìnrin ọlọ́jà ni gbogbo Èkó ń pè nígbà tí wọ́n bá ní, "Mo wà ní Tinúbú"? Ẹfúnróyè Tinúbú ni. Kọ́ńsù Benjamin Campbell lé e kúrò l'Ékòó ní 1856, àwọn Ẹ̀gbá fi í jẹ Ìyálóde ní 1864, ó sì kú sí Abẹ́òkúta ní 1887. Omi tí ń tú sókè ní gbàgede Tinúbú, ẹ̀bùn àwọn ará Lẹ́bánónì tó ń gbé Nàìjíríà ni, wọ́n ṣe é fún òmìnira 1960. Dúró síbẹ̀ lọ́sàn-án gangan kí o wo àwọn tó ń kọjá: ìyá aláṣọ tó ti jókòó sẹ́nu ìsọ̀ láti àárọ̀, aláàárù tó ń ti ọmọlańke lọ sí Ìdúmọ̀tà, akọ̀wé báńkì tó so táì mọ́rùn nínú oòrùn. Mínírà tútù wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn. Bí ọkùnrin kan àti obìnrin kan nínú wọn bá ní ìtọ̀ ṣúgà lọ́dún kan náà, tí iye ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì dọ́gba, ohun tí àìsàn yẹn máa fi ojú wọn ṣe, àti kíndìnrín wọn, àti ẹsẹ̀ wọn, kì í sábà dọ́gba.

Òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-tín ni ọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe àwọn ńláńlá tó ti inú ọkàn jáde o. Àwọn tó tín-ín-rín ju irun orí lọ ni, àwọn tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ dé ẹ̀yìn ojú, dé inú kíndìnrín, dé ìdí iṣan ìmọ̀lára tó lọ sí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Bí ṣúgà bá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, ògiri òpó wọ̀nyí á máa le, á máa nípọn. Òmíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í jò, òmíràn á dí pátápátá. Gbogbo èyí lè máa lọ kí ẹni tó ni ara má mọ nǹkan kan.

Ṣé o mọ bí àìsàn yìí ṣe ń pọ̀ sí i láàárín wa? Ìwádìí gbogbo orílẹ̀-èdè tí ìgbìmọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládìpọ̀ Akinkúgbé ṣe, tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1997, rí i pé ènìyàn bíi 2.2 nínú 100 ló ní in. Nígbà tí àwọn dókítà kan kó oríṣiríṣi ìwádìí Nàìjíríà pọ̀ ní 2018, ó ti di 5.77 nínú 100. Ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ nìyẹn, kí ìran kan tó kọjá.

Ṣé o mọ̀ pé ojú ni ibi tí dókítà ti lè fi ojú ara rẹ̀ rí òpó ẹ̀jẹ̀ nínú ènìyàn láìfi abẹ kàn án? Ará Jámánì kan, Hermann von Helmholtz, ló ṣe awò tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn ojú ní 1851. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá jókòó síwájú dókítà ojú, tí wọ́n kán oògùn sí i lójú kí ẹyinjú lè là gbòò, ti ṣí fèrèsé ara rẹ̀ sílẹ̀. Dókítà á rí àmì pupa kéékèèké níbi tí òpó ti wú tàbí tó ti jò. Á rí àbàwọ́n funfun níbi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́. Ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò lè máa ka ìwé ìròyìn geere ní gbogbo ìgbà yẹn, kó ní kò sóhun tó ṣe ojú òun.

Ibí gan-an ni ìyàtọ̀ ọkùnrin sí obìnrin ti kọ́kọ́ hàn. Ìwádìí ńlá kan wà ní Britain, UKPDS lorúkọ rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1977. Wọ́n yẹ ojú àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé wọ́n ní ṣúgà wò, àwọn bíi 3,000. Nínú 100 ọkùnrin, ojú 39 ti ní àmì ìbàjẹ́. Nínú 100 obìnrin, 35. Ìyẹn ò tíì jìnnà síra. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka àwọn tí ìbàjẹ́ ojú wọn ti le, ọkùnrin jẹ́ 8, obìnrin jẹ́ 4. Ìlọ́po méjì! Rántí pé wọn ò tíì ju ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ orúkọ àìsàn fún lọ. Ṣúgà irú kejì, èyí tó sábà máa ń mú àgbàlagbà, ti lè wà lára fún ọdún kí wọ́n tó mọ̀. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń sọ pé kí ẹni tó bá ní irú kejì yìí lọ yẹ ojú wò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí wọ́n bá ti rí i, kó má dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Ká má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà, wà nínú àwọn tó darí ìwádìí kan tó gba orúkọ àwọn alárùn ṣúgà sílẹ̀ ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Enugu, ní Accra àti ní Kumasi. Nínú 840 ènìyàn tí wọ́n yẹ ojú wọn wò, nǹkan bíi 18 nínú 100 ló ní ìbàjẹ́ òpó ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yìn ojú. Nǹkan bíi 45 nínú 100 ni nǹkan funfun ti ń bo ẹyinjú wọn. Ìròyìn náà jáde ní 2003.

Ó dáa, kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí ọdún bá ti ń gorí ọdún? Àwọn ará Ọsirélíà tọ́pinpin ènìyàn 25,713 tó ní ṣúgà, tí wọ́n ti tó ọmọ ọdún 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2024. Àwọn tí àìsàn náà bá kíndìnrín wọn jà: ọkùnrin 35 nínú 100, obìnrin 25. Ẹsẹ̀: ọkùnrin 25, obìnrin 18. Ojú: ọkùnrin 61, obìnrin 57. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ìyàtọ̀ yìí wà láàárín àwọn tí ṣúgà wọn kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, ó sì wà láàárín àwọn tó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pípẹ́ àìsàn kò pa á rẹ́.

Wọ́n á ní nítorí estrogen ni, èròjà tó ń ṣiṣẹ́ púpọ̀ lára obìnrin kí nǹkan oṣù tó dúró. Òótọ́ wà níbẹ̀: ó ń jẹ́ kí ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ rọ̀. Sìgá tí ọkùnrin ń mu ju obìnrin lọ náà wà níbẹ̀, àti ọ̀rá tó ń kóra jọ sínú ikùn wọn. Ṣùgbọ́n èmi ò gbà pé inú ara nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Wo ìgbésí ayé obìnrin Ìsàlẹ̀ Èkó kan. Oyún gbé e lọ sọ́sibítù, wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀. Ọmọ gbé e padà lọ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Láàárín ọdún mẹ́wàá ó ti jókòó níwájú nọ́ọ̀sì lọ́pọ̀ ìgbà. Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Kẹ́mísì ló mọ̀, àti ìyá alágbo tó wà ní ìkóríta. Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà tó wà ní Ọ̀dán, tó ti ń tọ́jú aláìsàn láti 1893, kò ju ibi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé láti Tinúbú lọ. Bàbá á kọjá níwájú ẹ̀ lójoojúmọ́ fún ogún ọdún. Wọ́n á gbé e wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, egbò á ti wà lẹ́sẹ̀.

Ẹsẹ̀ yìí gan-an ló yẹ ká sọ̀rọ̀ lé lórí. Ṣé o mọ̀ pé okùn ọ̀rá kan ló lè sọ fún dókítà bóyá ẹsẹ̀ ń kú lọ? Okùn náà kò gùn, ó rí bí irun búrọ́ọ̀ṣì. Nọ́ọ̀sì á ní kí o dijú. Á fi orí okùn náà kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ, á tẹ̀ ẹ́ títí tí yóò fi tẹ̀ díẹ̀, agbára tó fi tẹ̀ ẹ́ kò ju ìwọ̀n gíráàmù mẹ́wàá lọ. Á ní, "Ṣé o mọ̀ ọ́n?" Ní ọmọńdinrín, ní àtàǹpàkò, ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ìṣó lè wọ sálúbàtà rẹ̀ ní ọjà Balógun láàárọ̀ kó má mọ̀ títí tó fi máa bọ́ bàtà lálẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ á ti kún inú rẹ̀. Kò sí ìrora tó máa kìlọ̀ fún un.

Ní ti iṣan ìmọ̀lára yìí, ọkùnrin àti obìnrin pín ìyà náà lọ́nà tó ṣàjèjì. Ìwádìí kan fi hàn pé ìbàjẹ́ rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ọkùnrin ní nǹkan bí ọmọ ọdún 63, lára obìnrin ní nǹkan bí 67. Ọkùnrin ló ń ṣáájú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi àwọn tó lé ní 15,000 léèrè ní àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin ni ìrora náà ń mú jù: ìta, ìjó bí iná, èyí tí kì í jẹ́ kí wọ́n sùn lóru. Ewu ìrora yẹn fi ìdajì ju ti ọkùnrin lọ. Nítorí náà obìnrin ń ké, wọ́n á sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ọkùnrin kò mọ nǹkan kan lára mọ́, ó sì kà á sí àlàáfíà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọkùnrin kì í fẹ́ sọ lójútáyé. Nǹkan ọmọkùnrin náà, òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké àti iṣan ìmọ̀lára ló ń gbé e dìde. Nínú àwọn tó ní ṣúgà, ó wà lára ohun tó máa ń kọ́kọ́ dákẹ́, nígbà mìíràn kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ṣúgà wà lára rárá. Ọ̀pọ̀ á ní ayé ló ń ṣe òun, ọ̀pọ̀ á sáré lọ ra párága. Ìgò kan lẹ́yìn òmíràn, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á sì máa gòkè. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún ì bá ti sọ òótọ́ fún un.

Ṣé o mọ̀ pé bíi mílíọ̀nù kan asẹ́ ló wà nínú kíndìnrín kan ṣoṣo? Òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-tín tó lọ́ pọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí asẹ́ ògì tó ti ya, ohun tó yẹ kó dúró sókè á máa bọ́ sísàlẹ̀: purotéènì tí wọ́n ń pè ní albumin á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìtọ̀ lọ. Bó bá ti pọ̀, ìtọ̀ á máa hó bí omi ọṣẹ. Àmọ́ gbọ́ èyí dáadáa. Nínú ìwádìí UKPDS kan náà, ọkùnrin ni albumin ń jò jáde lára wọn jù. Obìnrin ni agbára kíndìnrín láti sẹ́ ẹ̀jẹ̀ ń dínkù lára wọn jù, àwọn mìíràn láìjẹ́ pé albumin jò rárá. Nítorí náà ẹni tó bá wo ìtọ̀ obìnrin nìkan, tó ní kò séwu, lè ti ṣì í wò. Ó gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ náà kó wo creatinine, ìdọ̀tí tí kíndìnrín ń sẹ́ kúrò.

Kí obìnrin má wá rò pé òun ti bọ́ o. Oyún lè mú kí ìbàjẹ́ ojú tó ti wà nílẹ̀ sáré sí i, ìdí sì rèé tí obìnrin tó ní ṣúgà kí ó tó lóyún fi gbọ́dọ̀ yẹ ojú wò láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ṣúgà tí oyún gbé wá tó sì bá oyún lọ kì í sábà ba ojú jẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní in rí ní ewu tó tó ìlọ́po méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ní ṣúgà gidi lẹ́yìn ọ̀la. Bí nǹkan oṣù bá sì ti dúró, ààbò estrogen ti dínkù. Ọkàn nìkan tó láti dẹ́rù bani: nígbà tí wọ́n kó ìwádìí lórí ènìyàn tó lé ní 850,000 pọ̀ ní 2014, wọ́n rí i pé ohun tí ṣúgà ń fi kún ewu àrùn òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn lára obìnrin fi 44 nínú 100 ju ohun tó ń fi kún ti ọkùnrin lọ. Ọkùnrin ṣì ń ní àrùn ọkàn ju obìnrin lọ lápapọ̀. Ṣùgbọ́n àǹfààní tí obìnrin ní tẹ́lẹ̀, ṣúgà ń jẹ ẹ́ run.

Ṣé o mọ̀ pé gbogbo èyí ṣeé dín kù gan-an? Ní 1993, ìwádìí DCCT ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, lórí àwọn 1,441 tó ní ṣúgà irú kìíní, fi hàn pé mímú ṣúgà mọ́lẹ̀ dáadáa dín ewu kí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ kù ní ìdá 76 nínú 100. Ní 1998, UKPDS fi hàn fún irú kejì pé mímú ìfúnpá nìkan mọ́lẹ̀ dín ìbàjẹ́ òpó kéékèèké kù ní ìdá 37. Oògùn ìfúnpá wà ní kẹ́mísì gbogbo àdúgbò.

Nítorí náà, ìwọ tó ní ṣúgà, bọ́kùnrin bóbìnrin, béèrè nǹkan mẹ́rin lọ́wọ́ dókítà rẹ lọ́dọọdún: kí wọ́n kán oògùn sí ọ lójú kí wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n wo albumin inú ìtọ̀ àti creatinine inú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n fi okùn ọ̀rá yẹn tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ, kí wọ́n wọn ìfúnpá. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò ojú, má wa mọ́tò o, ojú á máa ríran bàìbàì fún wákàtí bíi mélòó kan, mú ẹnìkan dání. Ìyàwó ilé tó ń ka èyí, bí ọkọ rẹ bá ní kò sóhun tó ń ṣe òun, ìwọ ni kí o mú un dání lọ.