Àṣẹ Dókítà Tí Kò Sí Nínú Ọkọ̀

Bí ọjọ́ ọjà aṣọ òkè bá kò ní Òjé ní Ìbàdàn, ní ìtàdínlógún-ìtàdínlógún, ẹni tó fẹsẹ̀ rìn lè dé Yemetu ṣáájú onímọ́tò. Bí gìrì bá gbé aláboyún lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, Micra tàbí ọ̀kadà ni ará ọjà máa ń ké sí, ó di ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Yemetu. Kò jìnnà. Ibẹ̀ ni yunifásítì Ìbàdàn ti kọ́kọ́ ń kọ́ àwọn dókítà rẹ̀, kí ilé ìwòsàn yunifásítì náà, UCH, tó ṣílẹ̀kùn ní 1957. Ìṣòro ibẹ̀ ni ìṣẹ́jú tó wà láàárín ọjà àti ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn.

Nítorí ìṣẹ́jú yẹn ni wọ́n ṣe ń kọ ìwé àṣẹ ìtọ́jú. Àwọn dókítà á kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú, wọ́n á fọwọ́ sí i: bí o bá rí báyìí, ṣe báyìí, bó bá kọjá báyìí, tètè gbé e lọ. Òṣìṣẹ́ tó bá tẹ̀lé e kò dá àṣẹ pa.

Nàìjíríà kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ tí à ń pè ní CHO àti CHEW, tó wà ní àwọn ilé ìlera alábọ́dé, ti ń lo ìwé Standing Orders tiwọn tipẹ́: ohun tí aláìsàn sọ, ohun tí o rí lára rẹ̀, ohun tó jọ, ohun tí o máa ṣe. Ní 2014, ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí pínpín iṣẹ́ gbà wọ́n láyè láti gún aláboyún tí gìrì gbé ní ìwọ̀n àkọ́kọ́ oògùn magnesium sulphate kí wọ́n tó gbé e lọ: gíráàmù 5 sí ìdí ọ̀tún, 5 sí ìdí òsì. Abẹ́rẹ́ méjì péré. Láìsí ìwé, ta ni yóò láyà láti gún un?

Ní òkèèrè pẹ̀lú, ní Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, ọdún 1967 ni dókítà Peter Safar bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú àdúgbò Hill District ní iṣẹ́ ìtọ́jú pàjáwìrì inú ọkọ̀, lábẹ́ orúkọ Freedom House. Kó tó dìgbà náà, ọkọ̀ ọlọ́pàá ló ń kó aláìsàn. Wọn a gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, wọn a sáré. Nígbà tó yá, dókítà Nancy Caroline bá wọn wọ ọkọ̀, ó ń wo ọwọ́ wọn, ó sì kọ ẹ̀kọ́ tí gbogbo Amẹ́ríkà wá lò. Ní 1975 ni ìlú ti Freedom House pa, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò kú.

Nílé níbí, Èkó dá LASAMBUS, ètò ọkọ̀ pàjáwìrì rẹ̀, sílẹ̀ ní 2001. Òfin Ìlera Nàìjíríà ti 2014 sọ pé ilé ìwòsàn tó bá kọ aláìsàn pàjáwìrì yóò san N100,000 tàbí kí ẹni tó jẹ̀bi ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì, ó sì ya ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìlera ìpìlẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú pàjáwìrì. Ó dára. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ni ìjìyà yẹn ń ṣọ́. Kò sọ ohun tí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ máa ṣe.

Òjé tún ní tirẹ̀. Ọ̀nà wà nínú àwọn agboolé ibẹ̀ àti ti Bẹẹrẹ tí kẹ̀kẹ́ Márúwá pàápàá kò lè wọ̀. Ìwé tí wọ́n bá kọ fún irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, kí ó tó dárúkọ oògùn kankan, ó ní láti sọ ẹni tí yóò di ọrùn aláìsàn mú, àti bí wọn yóò ṣe gbé e dé títì.