Sùúrùlérè: Ta Ni Ó Jẹ Èrè Sùúrù?

Bí a bá la Sùúrùlérè kọjá lónìí, ilé ìfowópamọ́, ilé ìtajà àti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ojú wa ń rí. Àwọn ilé kékeré tí ìjọba kọ́ láyé ọjọ́sí ń pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìtàn ibẹ̀ kò gbọdọ̀ bá wọn lọ.

Ní ọdún 1955 ni ìgbìmọ̀ tí ń tún ìlú Èkó ṣe, L.E.D.B., bẹ̀rẹ̀ sí wó àwọn agbo ilé ní àárín Erékùṣù Èkó, tí wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Òtítọ́ ni pé ilé tuntun náà mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá oníṣòwò jìnnà sí oníbàárà wọn, owó ọkọ̀ ń jẹ èrè wọn; ẹbí tí ń bá ara wọn jẹun sì di ẹni tí ń ríra lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rán àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà tí ó kù, kí wọ́n kọ ìtàn náà sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, bí àwọn aṣojú yín bá tún fẹ́ wó ilé onílé, ẹ bi wọ́n léèrè: níbo ni àwọn tí a lé yóò ti máa ṣiṣẹ́ jẹun? Sùúrù lérè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe sùúrù ni ó yẹ kí ó jẹ èrè rẹ̀.