Káàtì Ẹ̀rọ Tó Kún Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì



Lónìí, ọ̀rọ̀ kan àwọn ọ̀dọ́ wa tó fẹ́ràn ẹ̀rọ. Ẹ mọ̀ wọ́n. Rédíò bàjẹ́, wọn á tú u. Ẹnìkan fẹ́ da tẹlifísọ̀n àtijọ́ nù, wọn á ní kó gbé e wá. Owó díẹ̀ wọlé, wọn á ra káàtì tuntun, Arduino tàbí Raspberry Pi, pé àwọn fẹ́ fi ṣe ohun tí yóò máa bomi rin ọgbà. Kí wọ́n tó parí ti àkọ́kọ́, wọ́n ti ra ẹ̀kẹta. Àpótí kún, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kún.

A ò bá wọn wí o. Ní Lomé, lọ́dún 2013, Afate Gnikou fi ẹ̀yà kọ̀ǹpútà àlòkù ṣe ẹ̀rọ tó ń fi ike yíyọ́ mọ nǹkan. Ìyẹn ni àkójọ tó di iṣẹ́. Èyí tó ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́dún mẹ́ta ńkọ́?

Ẹ yí káàtì padà, ẹ ó rí ohun kékeré-kékeré tó ń dán bíi fàdákà. Nínú ẹ̀rọ àtijọ́, òjé wà nínú rẹ̀. Láti oṣù keje ọdún 2006 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti ní kí wọ́n má fi òjé sínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun mọ́, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ṣì pọ̀ lọ́wọ́ wa, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ sì ṣì ń yọ́ òjé.

Òjé kì í run. Ọwọ́ ló ń gbé e dé ẹnu. Ẹni tó ń tú ẹ̀rọ kò fọwọ́, ó jẹ àkàsà. Ọmọ kékeré ń rá nínú yàrá kan náà, ó fọwọ́ kan eruku, ó ki í bọ ẹnu. Ara ọmọdé ń gba òjé ju ti àgbà lọ. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́: ẹ̀kọ́ kì í wọ̀ ọ́ lórí, inú ń run ún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dín kù. Ó tún ń ti ara aboyún dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu.

Èéfín tó ń jáde nígbà tí a bá ń yọ́ òjé ńkọ́? Oje igi tí wọ́n fi sí i ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó lè fa ikọ́ àti ikọ́ fée. Nítorí náà, ẹ ṣiṣẹ́ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ má sì dáná sun káàtì láé, májèlé gidi ni èéfín ìyẹn.

Òmíràn tún wà: bátìrì pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Bí ọmọ bá gbé bátìrì yìí mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí 2. Ẹ má fún un lóògùn tí yóò mú un bì. Ilé ìwòsàn tààrà!

Ìyá kan lè bi wá pé: “Ṣé kí n dà á nù nígbà tó bá lọ sílé-ìwé ni?” Rárá, màmá. Yóò kó òmíràn wá, yóò sì fi pamọ́. Ẹ jókòó tì í. Kí ó kó gbogbo rẹ̀ síta. Èyí tó bá lè sọ iṣẹ́ tó fẹ́ fi ṣe lóṣù yìí, kí ó fi sínú ike onídèérí, kí ó gbé e sókè, kí ó jìnnà sí ibi ìsùn àti ibi ìdáná. Èyí tó kù, kí ó fún oníṣẹ́ tó máa lò ó. Kí ó má ra òmíràn títí yóò fi lo ọ̀kan.

Ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ yàrá náà, nítorí ìgbálẹ̀ ń gbé eruku dìde. Kí ó fi ọṣẹ fọwọ́ kó tó jẹun, kó tó gbé ọmọ. Bí ẹ bá sì ń ṣiyèméjì nípa ọmọ yín, ẹ sọ fún dókítà pé káàtì ẹ̀rọ wà nílé.

Ọmọ tó mọ ẹ̀rọ tú, ìrètí ilé ni. Ẹ jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ náà dàgbà pẹ̀lú ọpọlọ pípé.