Nígbà Tí Kọ̀ǹpútà Ilé Bá Ń Kú Fúnra Rẹ̀

Ẹ̀yin ìdílé wa ní Bompai àti gbogbo Sabon Gari, bí ọyẹ́ bá dé sí Kano, eruku aṣálẹ̀ a máa wọ inú ilé, a sì máa wọ inú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Eruku a dí fáànù tí ń tu ẹ̀rọ náà lára. Ẹ̀rọ a gbóná janjan, a sì pa ara rẹ̀ kí ó má baà jóná. Ẹ má tètè rò pé ó ti bàjẹ́.

Ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná, kí ó tutù. Bí ó bá jẹ́ ti orí tábìlì, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ di fáànù mú, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí ó gbẹ gbọn eruku kúrò. Ẹ má fi omi kàn án.

Bí déètì rẹ̀ bá ń padà sẹ́yìn nígbàkígbà tí iná bá lọ, bátìrì kékeré inú rẹ̀, tí a sábà máa ń kọ CR2032 sí lára, ni ó ti rẹ̀; ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé e fún alátùn-únṣe, bí ó bá ṣì ń tàn, ẹ kọ́kọ́ da àwòrán ìdílé àti iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ sórí fíláàṣì. Ẹ̀rọ ṣeé tún rà. Àwòrán òbí tí ó ti lọ kò ṣeé rà.