Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kọ̀ǹpútà mẹ́ta, ìwé owó kan

Ká ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan fi kọ̀ǹpútà sí Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń tọ́jú ìwé owó kan náà. Ẹni tó fẹ́ kọ owó sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí méjì. Ẹni tó fẹ́ kà á gbọ́dọ̀ wo méjì, kó mú èyí tó tuntun jù. Méjì àti méjì nínú mẹ́ta kò lè ṣàìpàdé! Bí iná bá lọ ní Ìnísà, iṣẹ́ ń lọ.

Onímọ̀ kọ̀ǹpútà David Gifford ló kọ nípa ètò yìí ní 1979.

Tí ẹni tó ń kà bá ń wo kọ̀ǹpútà kan péré dípò méjì, ẹrù kíkà tó wà lọ́rùn kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan á fúyẹ́ láti 2/3 sí 1/3. Ṣùgbọ́n kíkọ gbọ́dọ̀ dé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ọ̀kan kú, kíkọ dúró. Fún owó èèyàn, méjì-méjì ni mo fara mọ́.