Òróró CBD àti oorun: kí ló wà nínú ìgò yẹn gan-an?

Sáà ìdánwò tún ti dé, ìbéèrè kan náà sì ni àwọn àbúrò wa ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Ẹ̀gbọ́n, CBD tí wọ́n ń polówó yìí, ṣé lóòótọ́ ló ń jẹ́ kéèyàn rí oorun sùn? Àbí igbó náà ni wọ́n rọ sínú ìgò?" Ìbéèrè méjì ni wọ́n so pọ̀ yẹn o. Ẹ jẹ́ ká mú èkejì ṣáájú.

Kẹ́míkà tó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà nínú igbó lé ní ọgọ́rùn-ún. Méjì ló lókìkí jù: THC àti CBD. THC ló ń jẹ́ kí ojú amugbó pọ́n, tó ń jẹ́ kó máa dá rẹ́rìn-ín sí ògiri. Inú ọpọlọ wa ní àwọn ibì kan tó dà bí ihò kọ́kọ́rọ́, CB1 lorúkọ wọn. THC wọ ihò yẹn rẹ́gí, ó sì ń ṣí ilẹ̀kùn. CBD kò wọ̀ ọ́ dáadáa, ibòmíì ló ti ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í pani bí ọtí. Roger Adams ní Amẹ́ríkà ló yọ CBD jáde ní 1940, Raphael Mechoulam ní Ísírẹ́lì sì ṣàlàyé bí ìṣẹ̀dá rẹ̀ ṣe rí ní 1963.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí ilé wa. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, Gómìnà Rotimi Akeredolu, ọmọ Ọ̀wọ̀, àti ọ̀gá àjọ NDLEA ìgbà náà lọ sí Thailand láti wo bí wọ́n ṣe ń yọ oògùn lára igbó. Gómìnà ní gbogbo ayé mọ̀ pé Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ojúkò igbó gbígbìn ní Nàìjíríà, kí ló dé tí a kò ní sọ ọ́ di owó? (Igbó nínú igbó, Yorùbá kúkú ti fún méjèèjì ní orúkọ kan.) Buba Marwa tó di ọ̀gá NDLEA ní 2021 kọ̀ jálẹ̀. Òfin kò yí padà: gbígbìn, títà àti mímu rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Ó wá kan oorun. Ẹ̀rí tó lágbára jù tí CBD ní, ti wárápá ni, kì í ṣe ti oorun. Ní oṣù kẹfà 2018, àjọ FDA ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Epidiolex fún irú wárápá líle méjì tó máa ń bá àwọn ọmọdé jà. Ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀: ó lè tó 20 mílígírámù fún kílò kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Ọmọ tó wọn kílò 20 lè lo 400 mílígírámù lójúmọ́.

Ìwádìí kan tí wọ́n máa ń tọ́ka sí lórí oorun jáde ní 2019 láti Colorado. Àgbàlagbà 72 ló wà níbẹ̀. Nínú oṣù àkọ́kọ́, oorun nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn dára sí i, àmọ́ nígbà tó yá ó ń lọ sókè sódò. Kò sì sí àwọn mìíràn tí wọ́n fún ní òróró lásán láti fi wọ̀n wọ́n wò. Ẹni tó bá ti gbà pé òun lo oògùn oorun, ìbàlẹ̀ ọkàn yẹn nìkan lè mú un sùn. Èyí tí wọ́n ṣe ní Brazil lọ́dún yẹn kan náà dára jù ú lọ lójú tèmi. Ọkùnrin 57 ni wọ́n ní kó wá sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn. Àwọn tó lo 300 mílígírámù kò fòyà púpọ̀, ṣùgbọ́n 150 kò ṣiṣẹ́, 600 náà kò ṣiṣẹ́. Ìyẹn ni pé kékeré kò tó, púpọ̀ kò wúlò.

Ẹ wá bá mi ṣe ìṣirò. Ká ní ìgò mílílítà 10 ní 500 mílígírámù CBD nínú. Ẹ̀kán 20 ló máa ń wà nínú mílílítà kan, nítorí náà ẹ̀kán kan jẹ́ 2.5. Kí ẹ tó dé 300, ẹ máa kán ọgọ́fà ẹ̀kán, ìgò náà á sì tán lálẹ́ ọjọ́ kejì. Ẹ̀kán márùn-ún tí àwọn ọlọ́jà ń júwe, mílígírámù 12.5 péré ni!

Ìyẹn tún jẹ́ bí ohun tí wọ́n kọ sára ìgò bá jóòótọ́. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ra irú ọjà yìí 84 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n péré ni ìwọ̀n rẹ̀ bá ohun tí wọ́n kọ mu. THC wà nínú méjìdínlógún. Lórílẹ̀-èdè tí NDLEA ti ń ṣọ́nà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpárá.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù kọ́ nìyẹn ṣá o. Ẹ fojú inú wo ẹ̀rọ ata lọ́jọ́ ọjà Ìkàrẹ́. Bí ẹnì kan bá gbé ata agbada mẹ́ta dé, gbogbo àwọn tó kù á dúró. Ẹ̀dọ̀ wa náà ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹ́ńsáìmù ni wọ́n ń pè é, òun ló ń lọ oògùn kó tó jáde lára. CBD máa ń gba ẹ̀rọ náà mọ́ àwọn tó kù lọ́wọ́. Ká ní ọmọ kan fi òróró CBD ránṣẹ́ láti London sí ìyá rẹ̀ ní Ọ̀kà kó lè máa sùn dáadáa, tí Màámi sì ti ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Warfarin á máa tò lórí ìlà nínú ẹ̀jẹ̀, á máa pọ̀ sí i, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ sì lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà láìdá. Bákan náà ni clobazam tí àwọn onírúurú wárápá kan ń lò. CBD púpọ̀ tún lè pa ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ lára. Torí irú èyí ni àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ ní Britain fi sọ ní 2023 pé kí àgbàlagbà tó lera má ṣe kọjá mílígírámù 10 lóòjọ́. Ẹ rántí 300 ti Brazil.

Tí àìsùn bá ti ń ṣe yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ọ̀rọ̀ dókítà ni, ẹ má fi ohun tí ẹ ń kán sábẹ́ ahọ́n pamọ́ fún un. Àmọ́ kí ẹ tó náwó kankan, ẹ ka iye obì àti energy drink tí ẹ fi ń kàwé. Kaféènì ló wà nínú méjèèjì, ó sì máa ń gba ara ní nǹkan bí wákàtí márùn-ún kó tó lé ìdajì rẹ̀ jáde. Obì tí ẹ jẹ ní aago méje alẹ́, ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín ní aago méjìlá òru.